Òkúta Ìlà Kejìlá

Aribes, Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún, 1996

Òtútù òru máa ń fi awọ bo ọ̀dà pupa. Ohun àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe láàárọ̀ ni pé mo ń fi etí ṣíbí gé awọ yìí yípo inú agolo, mo fi ìka méjì ká a sókè bí ìgbà tí ènìyàn ń ká orí wàrà, mo jù ú sínú iyanrìn. Mo wá fi igi rò ó títí ohun tó ti dì sí ìsàlẹ̀ yóò fi gòkè wá. Ọ̀dà funfun kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀, ó parí. Mo so búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì mọ́ ọrùn-ọwọ́ mi kí n má baà gbé wọn kalẹ̀ sínú eruku, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní.

Òkúta tí iyanrìn bá ti họ àwọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ níbi tó wà. Ìdajì tó kọjú sí ibi tí àwọn ológun kò tíì yẹ̀ wò fún bọ́ǹbù, pupa. Ìdajì tó kọjú sí wa, funfun. N kì í kun ikùn òkúta. Sájẹ́ǹtì Strydom, tó ń darí iṣẹ́ yìí, ní ọ̀dà kì í ṣe omi òjò, àti pé kò sí ẹni tó ń wo abẹ́ òkúta. Láti ọ̀kan sí èkejì jẹ́ ìṣísẹ̀ mi mẹ́ta. Bí mo ti ń lọ ni mò ń kà. Ìlà kejìlá, èyí tó gba etí ọ̀nà mọ́tò, ní òkúta 204. Ìwé sájẹ́ǹtì ní 211. Ẹni tó kà á ṣáájú mi kò mọ̀ ọ́n kà, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa tó sì ní ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan rèé. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Òkúta kì í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 15

Ẹ̀gbọ́n Dorkas, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ológun, dá mi dúró níbi iná lónìí.

“Ọmọ Khorixas, wá ńbí. Kí wa bí ẹ ṣe ń kíra yín lọ́hùn-ún.”

Mo kí wọn. Gbogbo obìnrin tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fà á! Kó tó kí ọ parí, tíì á ti tutù!”

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí wọ́n má baà sọ pé mo ń gbéra ga, mo gba búrẹ́dì mi, mo lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn àgọ́. Kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n kó àwọn òbí mi sínú ọkọ̀ lọ sí Khorixas lọ́dún 1974 kí àwọn ológun lè rí ibi kọ́ ìbọn ńlá yíyìn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ ló fi mí ránṣẹ́ síbí fún oṣù méjì. Lórí ìwé, ọmọ Aribes ni mí. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, àlejò ni mí.

Màmá Àgbà nìkan ni kò ka ara rẹ̀ sí àlejò. Lọ́jọ́ tí a dé, ní ọjọ́ kẹfà, kó tó béèrè ibi tí a ó sùn ló ti ní kí awakọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, níbi òkìtì òkúta Haiseb, baba ńlá wa tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń fi òkúta kí.

“Sọ̀ kalẹ̀, mú òkúta, kí bàbá.”

Oorun ṣì wà lójú mi. Mo mú èyí tó súnmọ́ ẹsẹ̀ mi jù, ìgbẹ́ ẹyẹ ti funfun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé e lé òkìtì náà, mo padà sínú ọkọ̀. Màmá Àgbà pẹ́ níbẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí tirẹ̀ máa jókòó dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Ìpàdé lábẹ́ igi ẹ̀gún ńlá. Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì Strydom. Ó ní apá mẹ́ta ti mọ́: orí òkè á di ọgbà ẹranko tí ẹnikẹ́ni lè wá wò, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á padà sọ́wọ́ wa, a ó sì jọ máa bójú tó méjèèjì. Ó ku apá kẹrin. Ibẹ̀ ni ìsun omi wà. Ibẹ̀ ni ibojì Bàbá Àgbà wà.

“Bí ìlà bá pé títí di 12 oṣù Keje, màá fọwọ́ sí i,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá lè ṣọ́ òkúta, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣọ́ ilẹ̀? Ọdún márùn-ún sí i ló máa fi wà lọ́wọ́ wa nìyẹn.”

Màmá Àgbà, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, fi ìgbúnwọ́ gún mi. “Kí ló wí?”

Mo sọ fún un.

“Ọdún márùn-ún,” ó ní. “Ṣé ó bi mí léèrè ọjọ́ orí mi?”

Bàbá Abram Vaalbooi dìde. Òun ni ìgbìmọ̀ ìlú fi ṣe aṣọ́ ìlà, ó wọ ẹ̀wù pupa rúsúrúsú tí wọ́n fún un, ó sì tóbi jù ú lọ. “Sájẹ́ǹtì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń rìn ín. Àwọn òkúta yìí ò ní ẹsẹ̀.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Abram ní ewúrẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, omi tó súnmọ́ ọn jù sì jẹ́ ìrìn wákàtí méjì. Ìsun omi inú apá kẹrin kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ilé tó fi ẹní kọ́. Sájẹ́ǹtì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wá bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn ṣáájú ìbéèrè.

Ọjọ́ Ajé, 20

Ìlà kejìlá: 201. Ìgbà mẹ́ta ni mo kà á.

Ọjọ́bọ̀, 23

196.

Ibi tí ìlà ti yà lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò nìkan ni wọ́n ti ń lọ. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé e, ọ̀bọ kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Ipa sálúbàtà táyà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì Bàbá Abram máa ń wọ́ nílẹ̀. Lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣebí ìyẹn gan-an ni ẹ̀wù tó dára jù tí olè lè wọ̀?

N kò lè fi òkúta mìíràn dípò. Ológun tó ní ẹ̀rọ tó ń ké lórí irin nìkan ló gbọ́dọ̀ to ìlà, nítorí ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí òsì lè jẹ́ ìyàtọ̀ ńlá.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, Bàbá Abram pè mí, ó fún mi ní ẹran gbígbẹ tí wọ́n wé sínú ìwé. “Jẹ ẹ́, ọmọ mi. O ti rù jù. Ṣé wọn ò bọ́ yín ní Khorixas ni?”

Kí ló dé tó fi ń fún mi lẹ́ran? Mo fún Màmá Àgbà. Ó ní ó dùn.

Ọjọ́ Ajé, 27

196. Yìnyín bo kòtò omi ajá láàárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Ọkọ̀ ilé-ìtajà wá. Ìyẹ̀fun ti fi ráńdì méjì gbówó lórí sí i, kò sì sí epo fìtílà. Lánàá, ọkọ̀ kan kó ìdílé mẹ́rin dé láti Khorixas. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fò mọ́ra. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi, ó ní imú màmá mi ni mo ní. Mo dúró bí igi. N kò mọ ohun tí mo yẹ kí n fi ọwọ́ mi ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

187. Mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ dá ọgbà ẹranko sílẹ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ọkọ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí apá kẹrin kò bá tó wa lọ́wọ́, ṣé kì í ṣe ọgbà ló máa gbà á?

Ṣùgbọ́n ipa sálúbàtà táyà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó bú gbàmù nígbà tí mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dákẹ́, àwọn ajá pàápàá.

Ewúrẹ́ Bàbá Abram ni, abo dúdú kan tí oyún wà nínú rẹ̀. Ó gba àlàfo tó wà ní ìlà kejìlá kọjá. Ẹ̀gbọ́n Dorkas wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i pẹ̀lú ìdì igi lórí. Kò rí òkúta kankan níwájú rẹ̀, ló bá rò pé ilẹ̀ mímọ́ ni. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní tíì, ó dà á sára.

“Igi mi dà?” ló ń béèrè. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé igi mi?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bi mi ni. Mo mọ̀ láti ọjọ́ kẹtàlélógún, mo dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10

Sájẹ́ǹtì ránṣẹ́ pè mí. Ìwé iye mi wà níwájú rẹ̀, ó ti ṣí i.

“Anselma Dausab. O kọ iye tó ń dín kù, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé?”

Mo ní mo fẹ́ ní ìdánilójú kí n tó sọ̀rọ̀.

“Ìdánilójú lórí ta ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà tó gbẹ mọ́ èékánná mi. Ó ń ṣí ìwé náà láti ojú kan sí èkejì, kò kánjú. Ó mọ bí a ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn bíi tèmi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ̀rọ̀ nípa ipa sálúbàtà, ẹsẹ̀ òsì, ewúrẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ìsun omi. Ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, ara mi fúyẹ́. Kò pẹ́.

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n ti gba ẹ̀wù lọ́wọ́ Bàbá Abram. Ìgbìmọ̀ ní kó má ṣe súnmọ́ ìlà mọ́. Àwọn obìnrin ń sọ ọ́ níbi iná pé olè omi ni, pé ọpẹ́ ni pé kì í ṣe Dorkas ni bọ́ǹbù náà pa. Ẹ̀gbọ́n Dorkas fúnra rẹ̀ kàn ń gé búrẹ́dì rẹ̀.

Bàbá Abram wá bá mi níbi tí mo ti ń kun ìlà kẹta. Ó dúró jìnnà, ní ìhà ọ̀nà, bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un.

“Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo dárúkọ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” N kò lè gbé ojú sókè.

“Ṣé o rí mi?”

“Mo rí ipa ẹsẹ̀ yín.”

“Ipa ẹsẹ̀ mi wà níbi gbogbo ní Aribes. Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ló ti wà níbẹ̀.” Ó yíjú sí ìhà ìlà kejìlá. “Ewúrẹ́ yẹn, Ìyá Ọ̀lẹ ni mò ń pè é. Kì í fẹ́ rìn. Òun nìkan ni kì í jìnnà sí mi. Bí mo bá fẹ́ jí ọ̀nà ṣí, ṣé òun ni màá kọ́kọ́ rán wọlé?”

Ó lọ. Mo kun òkúta kan náà ní ìgbà mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 19

181.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Bàbá Abram kò ti dé ibẹ̀. Mo rìn gbogbo ìlà náà, kò sí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan. Òkúta mẹ́fà ló tún lọ.

Ó ku ta? Sájẹ́ǹtì. Òun ló máa jèrè. Bí ìlà kò bá pé, apá kẹrin ṣì jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀bi á sì wà lọ́rùn wa. Ó tiẹ̀ rí ọmọbìnrin òmùgọ̀ kan tó bá a wá ẹni tó máa rù ú.

Àná ni Màmá Àgbà béèrè ìdí tí n kò fi jẹun. Mo ní inú ń run mí. Ó ní inú kì í run ènìyàn fún ọjọ́ mẹ́jọ, pé kí n lọ wá nǹkan mìíràn sọ.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo gbọn eérú yíká òkúta ogún tó wà níbi tí ìlà ti yà. Ẹni tó bá wá á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bàtà ológun ni mò ń retí.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ọkọ̀ kan dé lánàá. Òkúta 181 ṣì pé láàárọ̀ àná. Láàárọ̀ òní, 179. Mo lọ wo eérú mi. Bàtà obìnrin, gìgísẹ̀ rẹ̀ tóóró. Ẹsẹ̀ lásán, ńlá. Ẹsẹ̀ lásán, kékeré. Bàtà kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu. Kò sí bàtà ológun kankan.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n pọ̀. Wọ́n jọ ń ṣe é ni, mo sì ń jẹun láàárín wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25. Ọ̀sán

Mo fẹ́ kọ ọ́ kó tó tutù.

Àǹtí Wilhelmina, àbúrò màmá mi, ń bọ̀ láti Khorixas lónìí pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Màmá Àgbà ní òun máa lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà, mo sì mú un lọ́wọ́ lọ. Ọkọ̀ dúró níbi òkìtì Haiseb. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí mi gbá mi mọ́ra, ó ń rùn bí ọṣẹ ilé wa. Lẹ́yìn náà ó yíjú wò yíká, ó rìn ìṣísẹ̀ márùn-ún sí etí ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mú òkúta kan láti inú ìlà kejìlá.

Ó ṣe é bí ẹni mú ṣíbí nínú àwo. Ọkọ rẹ̀ mú tirẹ̀, ọmọ wọn mú tirẹ̀. Awakọ̀ mú tirẹ̀. Òkúta mẹ́rin, gbogbo wọn pupa àti funfun, mo ti kun méjì nínú wọn lánàá.

“Ṣé ẹ ti mú?” Màmá Àgbà ń béèrè. “Ẹ dorí àwọ̀ rẹ̀ kodò o. Ẹ má fi ọ̀dà kọjú sí bàbá.”

Wọ́n dorí wọn kodò. Ikùn òkúta, tí n kì í kùn, ló wà lókè. Wọ́n dà bí òkúta yòókù. Mo ti kọjá níbi òkìtì yìí ní ogójì ìgbà, n kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ, mo ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn?”

“Kọ́ wọn ní kí ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi kàn ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ pé kí wọ́n yí ọ̀dà sísàlẹ̀.”

“Òkúta ìlà ni, Màmá! Òun ló ń sọ ibi tí bọ́ǹbù wà!”

Ó dúró. Ó na ọwọ́, ó wá apá mi, ó dì í mú.

“Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ tí a dé,” ó ní. “Wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá òkìtì, gbogbo wọn tó ẹ̀kún ọwọ́. Mo rò pé wọ́n tò ó síbẹ̀ fún wa ni. Mo ní ó dára, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, àwọn ológun ti kọ́ ọ̀wọ̀.”

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo ní kó jókòó. Mo kúnlẹ̀ síbi òkìtì, mo ń gbé etí òkúta sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo abẹ́ rẹ̀, mo ń dá a padà bó ṣe wà. A kì í mú òkúta kúrò lórí òkìtì Haiseb, mo mọ èyí náà. Mo kà. Lẹ́yìn náà mo lọ ka ìlà. 175 ló kù nílẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì ló wà lórí òkìtì. Ó jẹ́ 211. Ìwé sájẹ́ǹtì tọ̀nà. Ẹni tó kà á ṣáájú mi mọ̀ ọ́n kà.

Kò sí olè. Kò sí ọ̀tẹ̀. Àwọn ènìyàn ń dé ilé, wọ́n sì ń kí.

Méje nínú wọn ti lọ kí n tó kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ tiwa ló mú wọn. Ẹ̀gbẹ́ funfun tí mo pè ní ìgbẹ́ ẹyẹ, ọ̀dà ni, mo rí i lónìí, ní ìsàlẹ̀ níhà ìlà oòrùn, níbi tí mo gbé e sí. Gbogbo ènìyàn dorí tiwọn kodò, èmi nìkan ni mo fi tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí oorun.

Ọjọ́ kan náà. Ìrọ̀lẹ́

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí mo bá sọ fún sájẹ́ǹtì, á sọ pé, “Ṣé ẹ rí i? Mo ti wí fún yín.” Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù. Màmá Àgbà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Bí mo bá dákẹ́, Bàbá Abram ni yóò jẹ́ olè Aribes títí ayé, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àlàfo náà á fẹ̀ sí i, ẹlòmíràn á sì gba ibẹ̀ lọ ṣẹ́ igi.

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Dorkas. N kò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì bo ẹnu.

“Èmi náà mú ọ̀kan,” ó ní. “Lọ́jọ́ tí mo bọ́ lọ́wọ́ ikú. Mo lọ dúpẹ́.”

A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú un di ìhà mú, mo sì bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó nu ojú.

“Ọmọ Khorixas, o ti sọ orúkọ ọkùnrin yẹn. O gbọ́dọ̀ lọ gbà á padà. Màá bá ọ lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, níbi tí ajá rẹ̀ máa ń sùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, ẹnu rẹ ni wàá fi sọ ọ́, bó ti wù kó máa fà tó.”

Ọ̀la, kí n tó gé awọ ọ̀dà, mo máa lọ sí ilé ẹní Bàbá Abram, màá sọ ọ́ fún un kó tó mu tíì. Bó bá gbà, a ó jọ lọ bá sájẹ́ǹtì kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kó to mẹ́rìndínlógójì mìíràn. Bí kò bá gbà, màá dá lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, èmi àti Dorkas á bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta lásán láti ẹsẹ̀ odò gbígbẹ wá sẹ́bàá òkìtì, kí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ rí nǹkan mú. Láti ọ̀la lọ, màá máa kun ikùn òkúta pẹ̀lú, kódà bí mo bá máa fi owó mi ra ọ̀dà. Nínú ìwé iye, níwájú sájẹ́ǹtì, ìlà àkọ́kọ́ tí màá kọ ni èyí: òkúta kan, Anselma Dausab ló mú un, 6 oṣù Karùn-ún.